Odídẹrẹ́ Àti Lẹ́tà Tí Kò Lésì: Kí Ni Kọ́ọ̀sì Ìbánisọ̀rọ̀ Fẹ́ Kọ́ Wa Gan-an?



Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò kan nínú ilé tí mò ń gbé níbí ní Ìwó wá kan ilẹ̀kùn mi ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ yunifásítì ni, 100 level, ẹ̀kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí ló ń kọ́. Ìwé GST ló gbé dání, ojú ẹ̀ sì ti pọ́n.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe? Kòkòrò àìfojúrí ni mo wá kọ́, kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń kọ mẹ́mò.”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dénú. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn nígbà tí mo wà nípò ẹ̀. Mo há ìwé yẹn sórí bí ẹni há ọfọ̀, mo sì gba A. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ohun tí mo rò pé mo ti mọ̀ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbogbo ọmọ sáyẹ́ǹsì ló mọ SIWES, tí a máa ń pè ní IT. Àjọ ITF ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1973, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fojú ara ẹ̀ rí iṣẹ́ gidi kó tó jáde ìwé. Oṣù mẹ́fà ni tiwa. Mo kọ lẹ́tà kan, mo fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ 14. Mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí àwọn kan, mo sì fẹsẹ̀ ara mi gbé e lọ fún àwọn tó kù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn, ohun tí wọ́n sì bi mí ni pé: “Kí lẹ fẹ́ gan-an?” Ọ̀sẹ̀ méje gbáko nínú oṣù mẹ́fà yẹn ni mo fi jókòó sílé, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ti wọ aṣọ funfun ní yàrá ìwádìí.

Mo ṣì ní lẹ́tà yẹn lórí kọ̀ǹpútà mi, mo sì ṣí i han àbúrò mi. Ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ ń kí wọn, ó ń yìn wọ́n fún iṣẹ́ ribiribi tí wọ́n ń ṣe fún orílẹ̀-èdè. Ìkejì sọ ìtàn mi láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta ní aláápọn ni mí, onírẹ̀lẹ̀ ni mí, mo lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́. Ìlà tó kẹ́yìn pátápátá ni mo ti wá sọ pé mò ń wá àyè IT. Mi ò sọ oṣù tí mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Mi ò sọ iye oṣù tí mo máa lò. Mi ò sọ ohun tí mo lè fi ọwọ́ mi ṣe nínú yàrá ìwádìí wọn. Nọ́ńbà fóònù mi gan-an ò sí níbẹ̀.

Ẹni tó gba A nínú kọ́ọ̀sì ìbánisọ̀rọ̀ ló kọ ọ́ o! Báwo nìyẹn ṣe ṣeé ṣe? Ẹ jẹ́ ká jọ tú u palẹ̀ lónìí, torí sáyẹ́ǹsì ní ìdáhùn sí i.

Kọ́ọ̀sì tí gbogbo wa ń kọjá lábẹ́ ẹ̀

Nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí àjọ NUC gbé jáde fún àwọn yunifásítì Nàìjíríà lọ́dún 2022, èyí tí wọ́n ń pè ní CCMAS, GST 111 lorúkọ kọ́ọ̀sì náà: Communication in English, yúníìtì méjì. Ọmọ sáyẹ́ǹsì o, ọmọ òfin o, ọmọ àgbẹ̀ o, gbogbo wọn ló máa ṣe é. NUC fi ìdá 70 nínú 100 ètò ẹ̀kọ́ lélẹ̀, wọ́n ní kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fúnra ẹ̀ wá ìdá 30 tó kù. Àwọn tó ń kọ́ nípa òwò tún máa ń kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ lọ́tọ̀: lẹ́tà, mẹ́mò, àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìjábọ̀, CV, àti bí èèyàn ṣe ń dúró sọ̀rọ̀ níwájú ọ̀pọ̀ èrò.

Ní Ìwó níbí, ọ̀rọ̀ yìí ti ní gbòǹgbò tipẹ́. Yunifásítì Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi dá sílẹ̀ lọ́dún 2001, wà lórí ilẹ̀ tí Baptist College wà tẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tíṣà. Thomas Jefferson Bowen tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ jẹ́ míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1858, Smithsonian, ilé ìmọ̀ ńlá tó wà ní Washington, tẹ ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ jáde. Ẹ rò ó wò. Kí ọkùnrin yẹn tó lè sọ ohun tó bá wá fún ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí, ó ní láti kọ́kọ́ jókòó kọ́ bí ẹni tó fẹ́ bá sọ̀rọ̀ ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìpìlẹ̀ gbogbo kọ́ọ̀sì ìbánisọ̀rọ̀ nìyẹn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa, àwọn òfin méje tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà C la há sórí, a dà á jáde lọ́jọ́ ìdánwò, ó parí.

Orin tí ìwọ nìkan ń gbọ́

Ẹ dán nǹkan kan wò pẹ̀lú ọ̀rẹ́ yín. Ẹ mú orin kan tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ má kọ ọ́ jáde lẹ́nu o. Ẹ kàn fi ìka gbá a sórí tábìlì, kí ọ̀rẹ́ yín sọ orin tó jẹ́. Á dà bíi pé ó rọrùn, torí bẹ́ ẹ ṣe ń gbá a ni orin yẹn ń dún kíkankíkan lórí yín, pẹ̀lú ohùn àti ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Lọ́dún 1990, Elizabeth Newton tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Stanford ṣe irú ẹ̀ gan-an. Orin 120 ni wọ́n gbá. Ó bi àwọn tó ń gbá a pé, nínú orin tí wọ́n ń gbá, báwo ni èyí tí àwọn tó ń gbọ́ máa mọ̀ ṣe máa pọ̀ tó. Wọ́n ní ìdajì. Ẹ mọ iye tí wọ́n mọ̀? Mẹ́ta! Mẹ́ta nínú 120, ìdá 2.5 nínú 100. Ohun tí ẹni tó ń gbá a ń gbọ́ ni orin aládùn. Ohun tí ẹni kejì ń gbọ́ ni “kó-kó-kó” bíi ti ẹni ń kan ìṣó.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé mẹ́ta, Camerer, Loewenstein àti Weber, ti kọ̀wé nípa ìṣòro yìí lọ́dún 1989, wọ́n pè é ní ègún ìmọ̀. Tó o bá ti mọ nǹkan, ó máa ń ṣòro gan-an láti rántí bó ṣe rí kó o tó mọ̀ ọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà mi nìyẹn. Èmi mọ̀ pé oṣù kẹfà ni IT wa ń bẹ̀rẹ̀. Èmi mọ̀ pé oṣù mẹ́fà ni. Ó ń dún lórí mi bí orin. Ẹni tó ṣí lẹ́tà yẹn ní ọ́fíìsì ò gbọ́ nǹkan kan ju kó-kó-kó lọ.

Onílù ti mọ ohun tí Shannon mọ̀

Lọ́dún 1948, Claude Shannon, onímọ̀ ìṣirò àti ẹnjiníà tó ń bá ilé iṣẹ́ tẹlifóònù Bell ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde tó yí ayé padà. Íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ fi ń ka ọ̀rọ̀ yìí, inú ẹ̀ ni gbòǹgbò ẹ̀ wà. Ó fi hàn pé ìbánisọ̀rọ̀ yòówù kó jẹ́ ní ibi tó ti ń wá, ọ̀nà tó ń gbà, àti ibi tó ń lọ. Lójú ọ̀nà yẹn, ariwo wà. Ariwo lè jẹ́ nẹ́tíwọ̀kì tí kò dáa, ó lè jẹ́ ìwé tó ya, tàbí ọ̀gá tó ń ka lẹ́tà rẹ nígbà tí ebi ń pa á.

Shannon sọ nǹkan méjì tó yẹ kí gbogbo ọmọ 100 level mọ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ń gbọ́ ti lè mọ̀ kó o tó sọ ọ́ kò gbé ìròyìn kankan. “Aláápọn ni mí” ò sọ nǹkan kan, torí kò sẹ́ni tó máa kọ̀wé wá iṣẹ́ tó máa ní ọ̀lẹ lòun. Ìkejì, tí ariwo bá wà, o gbọ́dọ̀ fi àfikún kún ọ̀rọ̀ rẹ kí ohun tó ṣe pàtàkì má bàa ṣòfò. Ó ṣírò pé nǹkan bí ìdajì ohun tí a ń kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ló jẹ́ irú àfikún bẹ́ẹ̀, tí ìlànà èdè fúnra ẹ̀ ń fi kún un.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn onílù wa ti mọ èyí láti ayébáyé. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí: bàbá, ìyá, ìwé, Ìwó. Ohùn wọn dọ́gba, dò-mí ni gbogbo wọn. Tí onílù bá fi gángan lu “dò-mí” nìkan, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá bàbá yín ló ń pè tàbí ìlú Ìwó? Ẹ ò lè mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìlù kì í fi í pe orúkọ ṣákálá. Ó máa ń fi oríkì tẹ̀ lé e, títí ẹni tó ń gbọ́ á fi mọ̀ pé òun lòun ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. John Carrington, ará Ìlú Ọba kan tó gbé pẹ̀lú àwọn Kele ní Kóńgò, ṣàlàyé irú nǹkan kan náà nínú ìwé tó kọ lórí ìlù tó ń sọ̀rọ̀ lọ́dún 1949. Òṣùpá àti adìyẹ jọ ní ohùn kan náà ní èdè wọn. Torí náà, tí onílù wọn bá fẹ́ sọ òṣùpá, á fi kún un pé ó ń bojú wo ilẹ̀. Tó bá jẹ́ adìyẹ ni, á fi igbe ẹ̀ kún un.

Ẹ rántí pé nínú àwọn òfin méje yẹn, ọ̀kan ní kí ọ̀rọ̀ kúrú, òmíràn ní kó pé pérépéré. Nígbà tí mo wà ní 100 level, ó dà bíi pé àwọn méjèèjì ń bára wọn jà. Shannon àti onílù ló parí ìjà fún mi. Gé ohun tí ẹni yẹn ti mọ̀ kúrò. Ohun tí ariwo lè gbé lọ ni kó o tún sọ.

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ò tó fún àlejò

Àbúrò mi dá mi dúró níbí. “Ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀ á di odindi?”

Ìbéèrè tó dáa ni. Òwe yẹn ò parọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa: kí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ tó lè di odindi nínú ẹnì kan, ààbọ̀ kejì gbọ́dọ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa máa ń fi àrokò ránṣẹ́. Tí ẹnì kan bá rí owó ẹyọ mẹ́fà gbà, ó mọ̀ pé ẹni tó fi ránṣẹ́ ń sọ pé ọkàn òun fà sí òun, torí ẹ̀fà àti fífà jọ dún. Fi owó ẹyọ mẹ́fà yẹn ránṣẹ́ sí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, owó ni ó máa rí.

Edward Hall, onímọ̀ nípa àṣà ará Amẹ́ríkà, ṣàlàyé èyí nínú ìwé ẹ̀ kan lọ́dún 1976. Ó ní láwọn àwùjọ kan, ohun tí èèyàn jọ mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló ń gbé ọ̀pọ̀ nínú ìtumọ̀. Láwọn mìíràn, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ jáde ló ń gbé e. Ilé wa, ọ̀nà kìíní la sábà ń gbà. Ìyá rẹ á ṣẹ́jú báyìí níwájú àlejò, o ti mọ̀ pé kó o fi ẹran sílẹ̀. Àmọ́ nínú òwò, àlejò ni ẹni tó wà lódìkejì. Kò mọ ilé rẹ, kò mọ ìtàn rẹ. Tó o bá sọ ààbọ̀ fún un, ààbọ̀ náà ló máa gbọ́.

Ìyẹn ò wá ní ká sọ ìkíni nù o. Ìkíni ò gbé ìròyìn lójú Shannon, àmọ́ ó ní iṣẹ́ tiẹ̀. Bronislaw Malinowski ti sọ ọ́ lọ́dún 1923 pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń so èèyàn pọ̀. Yorùbá tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí èèyàn, kí ni wọ́n ń pè é? Ẹ kí wọn, ìlà kan ti tó. Ìpínrọ̀ mẹ́ta tèmi yẹn, àṣejù ni.

“OK.”

Nígbà tá a bá ń fojú kojú sọ̀rọ̀, ojú àti ohùn máa ń bá wa tún ọ̀rọ̀ ṣe. Lórí WhatsApp àti ímeèlì, wọn ò sí níbẹ̀. Lọ́dún 2005, Justin Kruger, Nicholas Epley àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Òmíràn nínú ọ̀rọ̀ náà jẹ́ òótọ́, òmíràn jẹ́ àpárá. Àwọn tó ń fi ránṣẹ́ rò pé àwọn tó ń gbà á máa dá a mọ̀ ní nǹkan bí ìdá 78 nínú 100, ì báà jẹ́ ohùn ni wọ́n fi ránṣẹ́ tàbí ímeèlì. Àwọn tó gbọ́ ohùn mọ ìdá 73. Àwọn tó ka ímeèlì mọ ìdá 56 péré. Ẹni tó kàn sọ owó sókè tó ń sọ orí tàbí ìrù náà máa rí ìdá 50!

Torí náà, “OK.” tí ọ̀gá rẹ kọ, tí o ò fi sùn lóru, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ OK lásán ni. Àwàdà tí ìwọ náà fi ránṣẹ́ sí oníbàárà rẹ, ó ṣeé ṣe kó kà á sí àrífín.

Ẹni tó bá sì rò pé ọmọ sáyẹ́ǹsì ò nílò èyí, kó gbọ́ ti Mars Climate Orbiter. Oṣù Kejìlá 1998 ni NASA fi í ránṣẹ́ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars. Ọkọ̀ yẹn nìkan ná wọn ní mílíọ̀nù 125 dọ́là. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kẹsàn-án 1999, ó ṣègbé. Kí ló fà á? Ilé iṣẹ́ kan ń fi ìwọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n ń pè ní pound, ṣírò agbára tó ń ti ọkọ̀ náà. Àwọn tó ń gba nọ́ńbà yẹn ní NASA rò pé newton ni. Pound kan tó newton mẹ́rin àti ààbọ̀, ó dín díẹ̀. Nọ́ńbà náà tọ́, ìṣirò náà tọ́. Àwọn ò kàn jọ sọ irú ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fúnra wọn ni. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ló gbé ọkọ̀ olówó ńlá lọ.

Báwo ni odídẹrẹ́ ṣe ń kọ́ ọ̀rọ̀?

Bí wọ́n bá ń ki ará Ìwó, odídẹrẹ́ kì í gbẹ́yìn níbẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ ohun tá à ń rò nípa odídẹrẹ́: ẹyẹ tó ń sọ ohun tí kò mọ̀. Ó jọ mí lọ́jọ́ tí mo gba A.

Àmọ́ a ti fi ọ̀rọ̀ èké kan ẹyẹ yẹn. Lọ́dún 1977, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan tó ń jẹ́ Irene Pepperberg ra odídẹrẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ó sọ ọ́ ní Alex. Títí Alex fi kú lọ́dún 2007, ó ti mọ ọ̀rọ̀ tó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Ó mọ àwọ̀, ó mọ bí nǹkan ṣe rí, ó lè ka nǹkan dé mẹ́fà. Tó o bá bi í pé àwọ̀ wo ni kọ́kọ́rọ́ yìí, á sọ ọ́. Kì í ṣe àwítúnwí lásán.

Àṣírí ẹ̀ wà nínú bí Pepperberg ṣe kọ́ ọ. Kò ka ọ̀rọ̀ sí i létí láti àárọ̀ dalẹ́. Èèyàn méjì ló máa dúró níwájú ẹyẹ náà. Ẹnì kan á gbé nǹkan sókè, á béèrè orúkọ ẹ̀. Ẹnì kejì tó bá sọ ọ́ dáadáa á gba nǹkan náà gan-an. Tó bá ṣì í sọ, wọ́n á gbé e kúrò níwájú ẹ̀, á sì tún gbìyànjú. Alex ń wò wọ́n, òun náà fẹ́ gbà. Ó wá yé e pé ọ̀rọ̀ tó tọ́ máa ń mú nǹkan wá fún èèyàn, èyí tí kò tọ́ kì í mú nǹkan kan wá.

Ẹ fi èyí wé bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọgọ́rùn-ún mélòó kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú gbọ̀ngàn kan, lẹ́kọ́rà ń sọ, à ń kọ. Lẹ́tà tí a bá kọ, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Scott Freeman àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kó ìwádìí 225 jọ lọ́dún 2014 lórí bí wọ́n ṣe ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ní yunifásítì. Wọ́n rí i pé níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti kàn ń jókòó gbọ́ lẹ́kíṣọ̀ nìkan, ó fi ìlọ́po kan àbọ̀ ṣeé ṣe kí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́èlì ju ibi tí wọ́n ti ń ṣe nǹkan náà fúnra wọn nínú kíláàsì. Tó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ìṣirò, kí lẹ rò nípa ìbánisọ̀rọ̀, tó jẹ́ pé ṣíṣe ni gbogbo ẹ̀?

Ìyá Elélùbọ́ ò ṣe GST

Olùkọ́ ìbánisọ̀rọ̀ tó dáa jù tí mo mọ̀ ò wọ yunifásítì rí. Ìyá kan ni, èlùbọ́ ló ń tà, ìtòsí ilé wa ló ń kó o pa mọ́ sí. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí oníbàárà ẹ̀ ní Ìbàdàn:

“Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Àpò èlùbọ́ yín ti dé ọkọ̀. Mẹ́ta ni o, ẹẹ́ta, kì í ṣe méjì. Dẹ́rẹ́bà á já a fún yín ní gáréèjì ní aago mẹ́wàá. Mo fi aṣọ pupa so ẹnu wọn. Tẹ́ ẹ bá ti rí i gbà, ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí mi kí n lè sanwó dẹ́rẹ́bà.”

Ẹ tún un kà. Ìkíni kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀. Iye ẹ̀, ó sì tún un sọ lọ́nà mìíràn, torí nẹ́tíwọ̀kì lè sọ mẹ́ta di méjì. Ibi, àkókò, àmì. Lẹ́yìn náà, ohun tí ẹni yẹn máa ṣe àti ìdí ẹ̀. Mo bi í pé, “Ìyá, ta ló kọ́ yín báyìí?” Ó wò mí bí ẹni wo ọmọdé. “Ọmọ mi, àpò méjì ló sọnù mọ́ mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ ọ́n.”

Èyí ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe kọ́ Alex: nígbà tó ṣì í sọ, nǹkan kúrò lọ́wọ́ ẹ̀.

Igo sóbò

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo wá bi àbúrò mi pé, “Ìwọ náà, kí lò ń wá lọ́wọ́ ẹni tí o ò mọ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ báyìí?” Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ń ṣe sóbò tà ni, ara owó yẹn ló fi ń gbọ́ bùkátà nílé ìwé. Ó fẹ́ kí obìnrin kan tó ní ṣọ́ọ̀bù máa bá òun tà á. Ó fi fóònù hàn mí. Ohun tó kọ ránṣẹ́ láti ọjọ́ mẹ́rin ni: “Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ kan.” Obìnrin náà ti rí i, kò fèsì.

Mo ní, “Fi ara rẹ sípò ẹ̀. Kí lo rò pé ó rò?” Ó ronú. “Bóyá ó rò pé owó ni mo fẹ́ yá.” A jọ rẹ́rìn-ín.

A wá kọ àwọn ìbéèrè tí obìnrin yẹn máa béèrè sílẹ̀ ká tó kọ ọ̀rọ̀ kankan. Kí ni? Èló? Èrè mélòó ló wà níbẹ̀ fún mi? Tí kò bá tà ńkọ́? Ọjọ́ mélòó ló ń lò kó tó bàjẹ́? Nígbà tá a dé ìbéèrè tó kẹ́yìn yẹn, ojú àbúrò mi là. “Ẹ̀gbọ́n, ìyẹn gan-an ni iṣẹ́ mi! Kòkòrò àìfojúrí ló ń bà á jẹ́. Mi ò sì fẹnu bà á rárá.”

Ohun tó kọ nìyí:

“Ẹ káàárọ̀ mà. Èmi ni akẹ́kọ̀ọ́ tó máa ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ yín láàárọ̀ Sátidé. Mò ń ṣe sóbò, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ máa bá mi tà á. ₦400 ni mo máa fún yín nígo, ẹ lè tà á ní ₦500. Ọjọ́ mẹ́ta ló ń lò nínú fíríìjì, mo máa kọ ọjọ́ tí mo ṣe é sára igo. Èyí tí kò bá tà, mo máa gbà á padà. Ṣé kí n gbé igo mẹ́fà wá lọ́jọ́ Ajé kẹ́ ẹ tọ́ ọ wò?”

Ó kúrú, ó sì pé. Kí ó tó fi ránṣẹ́, mo ní kó fún ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí kò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀ kà, kí ọ̀rẹ́ náà sọ ohun tó gbọ́ padà lẹ́nu ara ẹ̀. Kó má bi í pé “Ṣó yé ẹ?” o, torí gbogbo èèyàn ló máa ń ní ó yé àwọn. “Kí ni mo ní kí obìnrin yìí ṣe?” ni kó bi í.

Tẹ́ ẹ bá wà ní 100 level

Ẹ má dúró de ìdánwò. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ wá ẹnì kan tí ẹ nílò nǹkan gidi lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ kọ ọ́. Ẹ fi ohun tẹ́ ẹ fẹ́ síwájú, kó má jẹ́ ìlà tó kẹ́yìn. Ẹ má kó ju nǹkan mẹ́rin lọ sínú ọ̀rọ̀ kan. Nelson Cowan ti fi hàn lọ́dún 2001 pé nǹkan bíi mẹ́rin ni ọpọlọ wa lè dì mú lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ tún nọ́ńbà, ọjọ́ àti ibi sọ. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíì sọ ọ́ padà fún yín. Tí wọn ò bá fèsì, ẹ má kọ́kọ́ bínú. Ẹ tún lẹ́tà yín kà pẹ̀lú ojú ẹni tí kò mọ̀ yín.

Èmi náà kọ lẹ́tà mi tuntun nígbà yẹn, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje. Ìlà mẹ́jọ ni. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ni mo fi ránṣẹ́ sí, ọ̀kan pè mí lọ́jọ́ kẹrin, torí nọ́ńbà mi ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ìwádìí. Ọ̀sẹ̀ méje tó lọ ò padà wá mọ́, àmọ́ mo mọ ohun tí mo fi rà.

Obìnrin oníṣọ́ọ̀bù náà fèsì kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó ní: “Mẹ́fà kéré. Gbé 12 wá.”

Àbúrò mi ti lọ ra igo. Ìwé GST ẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì mi níbí, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un lọ́la. Ó ní òun ò tíì ka orí tó kan lẹ́tà òwò tán.